Ta ló ni tíránsífọ́mà àdúgbò yín?

Ẹ̀yin tèmi, ẹ jókòó dáadáa, thread òní gùn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ iná ni, ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ àyípadà ojú ọjọ́ sì ni. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe dárúkọ ojú ọjọ́ yìí, ìdajì yín ti fẹ́ sá lọ wo skit. Ẹ má sá. Àpò yín ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Òṣogbo. Ọ̀pọ̀ ọmọ Òṣogbo gan-an ni ò mọ̀ pé ìlú wa yìí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà. National Control Centre ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo iná tó ń ti Kainji, Egbin àtàwọn yòókù bọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń darí bó ṣe ń lọ káàkiri. Lọ́dún 2024 nìkan, grid ṣubú ju ìgbà mẹ́wàá lọ, Òṣogbo sì ni wọ́n ti ń darí bí wọ́n ṣe ń gbé e dìde. Èmi ń gbé Òkè-Baálẹ̀ níbí, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń wá ṣájà. Wọ́n ní a kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ fọwọ́. Àwa ń fi fọwọ́ o, a tún ń fi bọ́jú.

Iṣẹ́ mi ni kí n ya fídíò, kí n gé e, kí n gbé e síta kí oníbàárà tó bínú. Mo kàwé gboyè, mo sin ìlú tán, mo ní mi ò ní máa gbé síífì kiri. Kò sí iná, kò sí iṣẹ́, kò sí dátà tó fẹ́ gbọ́ àwáwí. Mo máa ń kọ ohun tí mo bá ná sílẹ̀ lóṣooṣù, látọdún 2023 sì ni ìlà tí mo kọ "epo àti iná" sí ti ń dójú ti ìlà tí mo kọ "oúnjẹ" sí.

Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí kò tó ₦200 lítà kan di ₦617 nínú oṣù Keje. Nígbà tó máa fi di oṣù Kẹwàá 2024, ó ti lé ní ₦1,000. Láàárín ìyẹn, ní oṣù Kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bíi ₦68 yúnìtì kan lọ sí ₦225, wọ́n ní wákàtí ogún lójúmọ́ ni wọ́n á máa rí iná.

Ẹnì kan á ní, kí ló kan ojú ọjọ́ nínú ìyẹn? Ká sọ òótọ́, kì í ṣe nítorí ojú ọjọ́ ni ìjọba ṣe yọ owó epo. Owó ló tán. Àmọ́ látọdún 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè G20 ti jọ pinnu pé kí irú owó ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ máa kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí pé epo olówó pọ́ọ́kú ló ń jẹ́ káyé máa sun epo ní ìsunkúsùn. Ọ̀rọ̀ yẹn mọ́gbọ́n wá. Bí epo bá wọ́n, èèyàn á sá lọ sídìí sólà, èéfín á dínkù. Ìbéèrè tèmi ni pé, èèyàn wo ló máa sá lọ? Torí kì í ṣe gbogbo wa la ní bàtà ìsáré.

Àwọn ọ̀gá wa náà ti ṣèlérí nílẹ̀ òkèèrè. Oṣù Kọkànlá 2021, ní Glasgow, Ààrẹ Buhari sọ pé tó bá fi máa di 2060, èéfín tí Nàìjíríà ń tú sáfẹ́fẹ́ ò ní ju èyí tí a lè fà padà lọ. Oṣù yẹn náà ló buwọ́ lu òfin lórí àyípadà ojú ọjọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ 2022, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣínbàjò gbé ètò bá a ṣe máa débẹ̀ síta: $1.9 trílíọ̀nù ni wọ́n ní ó máa ná wa títí di 2060. Ẹ má béèrè lọ́wọ́ mi iye òdo tó wà níbẹ̀. Nínú gbogbo èéfín tó ń jáde lára epo, gáàsì àti èédú káàkiri àgbáyé, tiwa ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ìnáwó ti wọlé, ẹnì kan ló sì máa san án.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹnì kan tí mo mọ̀ wá síbí. Àbúrò màmá mi ń ta ẹja inú fìrísà ní Iléṣà, kò jìnnà sí ọjà Àtàkúmọ̀sà. Títù, kọ́tẹ̀, ṣáwà, gbogbo ẹ̀. Fìrísà mẹ́ta ni wọ́n ní. Ẹ rántí ooru oṣù Kejì 2024, ìgbà tí a ń wẹ̀ tán tí a tún ń làágùn kí a tó nura? Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń pè ní World Weather Attribution yẹ ooru yẹn wò, wọ́n ní àyípadà ojú ọjọ́ jẹ́ kó fi ìlọ́po mẹ́wàá rọrùn láti ṣẹlẹ̀, àti pé bó ṣe rí lára èèyàn fi nǹkan bíi ìwọ̀n 4 lórí Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́dọ̀ Àǹtí mi, ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé fìrísà tó máa ń di yìnyín mú fún ọjọ́ kan ààbọ̀ lẹ́yìn tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, ọjọ́ kan péré ló ń lò kó tó máa sunkún. Páálí ṣáwà méjì bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ kan. Wọ́n yan díẹ̀, wọ́n fún aládùúgbò díẹ̀, wọ́n sin ìyókù.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ojú ọjọ́ gbá wọn létí ọ̀tún, owó epo gbá wọn létí òsì. Wọn ò débi tí Glasgow wà rí.

Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyí o. Ẹ wo orúkọ tí a sọ jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn: I better pass my neighbour. Àwa la fi ẹnu ara wa sọ ọ́ lórúkọ. Sólà náà ti ń gba ọ̀nà yẹn kan náà. Ní àdúgbò Àǹtí mi, ilé mẹ́ta ló ti gbé panẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé. Ilé bàbá tó ní ọmọ ní Kánádà, ilé dókítà, àti ilé ẹnì kan tí a ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Mi ò bínú sí wọn, èmi náà á ṣe é bí mo bá rówó. Àmọ́ ẹ fojú inú wo ọkọ̀ akérò. Wáyà, òpó, òṣìṣẹ́, gbèsè, ìyẹn ni owó ọkọ̀. Tí àwọn olówó bá ń bọ́ọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, owó ọkọ̀ ò dínkù. Àwa tó kù la máa pín in.

A ò tiẹ̀ wá jẹ́ ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń dáwó pọ̀! Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tíránsífọ́mà àdúgbò yẹn jóná. Ilé-iṣẹ́ iná ní kò sí òmíràn nílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn lándílọ́ọ̀dù pe ìpàdé, wọ́n bu iye kan lé ilé kọ̀ọ̀kan lórí, ayálégbé ń san tiẹ̀, opó ń san tiẹ̀, wọ́n ra tíránsífọ́mà, wọ́n ra òpó mélòó kan mọ́ ọn. Ọjọ́ tí iná dé, gbogbo ọmọdé pariwo "Up NẸ́PÀ!" Láti ọjọ́ yẹn, tíránsífọ́mà ti di ti ilé-iṣẹ́ iná. Kò sí ìwé, kò sí àdéhùn, kò sí kọ́bọ̀ tí wọ́n yọ kúrò nínú bíìlì ẹnikẹ́ni. Kò pé ọdún méjì, wọ́n ní àwọn kan jẹ gbèsè, wọ́n wá já gbogbo àdúgbò kúrò. Ẹni tó san àti ẹni tí kò san jọ wà nínú òkùnkùn kan náà. Tíránsífọ́mà tí Àǹtí mi dá owó sí ni wọ́n fi mú un.

Àjọ NERC tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná ti sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ oníbàárà láti ra tíránsífọ́mà, àti pé tí àdúgbò bá fẹ́ rà á, kí wọ́n kọ́kọ́ ní àdéhùn àkọsílẹ̀ tí wọ́n á fi gba owó wọn padà. Ẹ lọ béèrè ní àdúgbò yín bóyá ẹnikẹ́ni mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé kiri. Ṣé ẹ mọ̀ pé ní Amẹ́ríkà, iye àwọn tó ń lo iná láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 42? Ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bíi 900. Kì í ṣe ìjọba, kì í ṣe kọ́ńpìnnì tó ń wá èrè. Àwọn tó ń tan iná náà ló ni wáyà, ló ni òpó, tí wọ́n ń dìbò yan àwọn tó ń darí ẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Ọdún 1935, nínú oko mẹ́wàá ní Amẹ́ríkà, bóyá ọ̀kan ló ní iná. Àwọn kọ́ńpìnnì iná ní owó ò sí nínú gbígbé wáyà lọ sóko. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣàjèjì sí wa? Ààrẹ Roosevelt dá àjọ kan sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn láti máa yá àwọn ará oko lówó, wọ́n sì fòfin gbè é lẹ́sẹ̀ ní 1936. Àgbẹ̀ á san dọ́là márùn-ún wọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ á yá owó, wọ́n á ri òpó fúnra wọn. Nígbà tó fi máa di ìgbà àwọn 1950, oko mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti níná.

Ẹ wá gbọ́ o. Ọdún 1935 yẹn kan náà ni ìjọba amúnisìn ṣòfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Nàìjíríà! Ọdún kan náà gan-an. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó, wọ́n ń kó kòkó wọn pọ̀ tà kí àwọn oníṣòwò má baà rẹ́ wọn jẹ. Tiwọn lọ́hùn-ún di wáyà iná. Tiwa di alájẹṣẹ́kù: ẹ̀yáwó ilé ìwé ọmọ, ẹ̀yáwó ọ̀kadà, ẹ̀yáwó ìsìnkú. Mi ò bú alájẹṣẹ́kù o, òun ló rán mi níléèwé. Mo kàn ń wò ó pé a ti ń jẹ, a sì ń ṣẹ́ ẹ kù láti nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún, kí ló dé tí ìṣẹ́kù yẹn ò di iná rí?

Kẹ́ ẹ má baà rò pé Amẹ́ríkà ni ọ̀run rere: ẹgbẹ́ náà máa ń há. Ẹgbẹ́ kan wà ní Taos, ní New Mexico, Kit Carson lorúkọ wọn. Ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ Tri-State ni wọ́n ti ń ra iná, èédú sì ni Tri-State ń sun jù nígbà náà. Àdéhùn ò jẹ́ kí Kit Carson fúnra wọn pèsè ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún iná wọn lọ. Wọ́n fẹ́ ṣe sólà, àdéhùn dì wọ́n mú. Lọ́dún 2016, wọ́n san $37 mílíọ̀nù kí wọ́n tó lè kúrò. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ló yá wọn lówó yẹn, wọ́n ń fi owó iná san án díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún 2022, wọ́n san án tán, ọdún yẹn náà ni sólà wọn tó láti gbé gbogbo iná tí wọ́n ń lò ní ọ̀sán. Ìyípadà yẹn náà wọ́n bí ojú. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo wọn jọ gbé gbèsè náà, gbogbo wọn ló sì ni ohun tí gbèsè náà rà.

Nílé ńkọ́? Kì í ṣe pé kò sí ọ̀nà rárá. Látọdún 2016 ni NERC ti ní ìlànà fún iná kékeré tí kò ju mẹ́gáwáàtì kan lọ. Ìlànà yẹn jẹ́ kí ẹni tó ń pèsè iná àti àwọn ará ìlú jọ fẹnu kò lórí iye tí wọ́n á máa san, bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníbàárà bá ti fọwọ́ sí i. Ní Mokoloki, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ibi tí wáyà ìjọba dé ṣùgbọ́n tí iná ò dé, àwọn ará ìlú, ilé-iṣẹ́ sólà kan àti ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná jọ tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n sì tan iná sólà 100 kílówáàtì lọ́dún 2020. Owó ẹ̀ ju ti NẸ́PÀ lọ, ṣùgbọ́n iná wà. Òfin iná tuntun ti 2023 sì ti ṣílẹ̀kùn fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti máa ṣètò iná tiẹ̀. Èkìtì àti Oǹdó tó múlé gbè wá ti bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo ibi tí owó ńlá ń gbà. Oṣù Kejìlá 2023, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí $750 mílíọ̀nù fún iná sólà ní Nàìjíríà, ètò tí wọ́n ń pè ní DARES. Owó gidi ni, ó sì máa ran èèyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ aládàáni ni wọ́n fi ṣe ẹṣin tó máa gbé e. Ilé-iṣẹ́ lá ni panẹ́ẹ̀lì, àwa lá máa ra káàdì.

Tàbí kí ẹ gba sólà ìsandíẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ṣé ẹ ò dá a mọ̀? Òṣómàáló ni! Àwọn bàbá wa gbé aṣọ kiri, wọ́n tà á láwìn, tí ọjọ́ owó bá pé wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ, wọn ò ní dìde títí wàá fi san. Òṣómàáló ayé ìsinsìnyí ò ní láti lóṣòó mọ́. Ó jókòó sí Èkó, ó tẹ bọ́tìnnì, iná ilé rẹ kú. Ó kéré tán, ti àtijọ́, ó ṣeé ṣe kó o fún un ní iyán, kẹ́ ẹ jọ sọ̀rọ̀.

Oṣù tó kọjá, Àǹtí mi ní kí n tẹ̀lé àwọn lọ sípàdé alájẹṣẹ́kù wọn. Wọ́n lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n: ẹlẹ́ja, aránṣọ, onígèrígèrí, ẹni tó ń lọ ata. Ẹni márùn-ún ló ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀yáwó sólà lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú fún ilé tiẹ̀. Mo bá ní kí n sọ̀rọ̀, wọ́n gbà mí láàyè. Mo ní dípò kí ẹgbẹ́ yá ẹlẹ́ja mẹ́rin lówó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n kọ́ yàrá oníyìnyín kan ṣoṣo tó ń lo sólà, kó jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí kálukú máa sanwó lórí páálí tó bá gbé síbẹ̀. Mo ní àwọn ColdHubs tó bẹ̀rẹ̀ lápá Owerri ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún èso àti ẹ̀fọ́, owó ojúmọ́ lórí kéréètì kọ̀ọ̀kan.

Bàbá akápò, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, bọ́ dígí wọn. "Ọmọ mi, ẹja kì í ṣe ẹ̀fọ́. Ẹja gbọ́dọ̀ dì gbagidi. Panẹ́ẹ̀lì mélòó nìyẹn?" Mi ò tíì ṣírò ẹ̀ débẹ̀, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. "Tí bátìrì bá kú ńkọ́? Ta ló máa ra òmíràn?" Mo ní kí wọ́n máa yọ ọ́ sílẹ̀ lóṣooṣù látìbẹ̀rẹ̀. Ìyá kan ní, "Ta ló máa gbé kọ́kọ́rọ́ dání?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, torí gbogbo wọn mọ̀ pé ìbéèrè yẹn gan-an ni ìbéèrè.

Ẹni tí mo rò pé á gbè mí lẹ́yìn ló kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Nígbà tí a délé, Àǹtí mi ń ṣa ẹja sínú fìrísà, wọn ò wojú mi. "Ìwọ ọmọ yìí, ò ń sọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà, èmi ń sọ̀rọ̀ fìrísà mi. Mo dáwó tíránsífọ́mà, ojú mi rí nǹkan. Ohun tí mo bá tún fowó rà báyìí, abẹ́ òrùlé mi ló máa wà."

Mi ò jiyàn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Wọ́n jàre. Mo kàn bi wọ́n pé, tí orúkọ wọn bá wà nínú ìwé ńkọ́, tí wọ́n ní ìbò, tí ẹnikẹ́ni ò lè já wọn láìjẹ́ pé ìpàdé jókòó sí i? Wọ́n ní kí n lọ fọ ìkòkò.

Àná ni wọ́n pè mí. Wọ́n ní àwọn ti bá ẹlẹ́ja mẹ́rin sọ̀rọ̀ fúnra àwọn. Méjì gbà. Ọ̀kan ní òun ṣì ń ronú. Ẹnì kẹrin ní òun ò lè bá ẹlẹ́ja kankan dówó pọ̀ láyé òun, kí wọ́n má tún pe òun. Ìpàdé di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ìṣirò méjèèjì ni Bàbá akápò fẹ́ rí: ti kálukú lọ́tọ̀, àti ti àjọni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹnjiníà inú ilé, mo bẹ̀ yín. Yàrá tó lè gba nǹkan bí ọgọ́rùn-ún páálí ẹja dídì, ní Iléṣà, pẹ̀lú irú òòrùn tí a ní lóṣù Kẹjọ nígbà tí ojú ọjọ́ bá ṣú: wáàtì mélòó, bátìrì mélòó? Ẹ bọ́ sí DM. Ẹni tó bá sì ti bá ẹgbẹ́ kọ òfin lórí ẹni tó ń gbé kọ́kọ́rọ́ rí, ẹ̀yin gan-an ni mo ń wá jù.